Owó ìrànwọ́ fún oúnjẹ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi: kí la lè béèrè, ọwọ́ ta sì la ti lè rí i?

Ìyá kan tó ń tọ́jú àwọn ọmọ kéékèèké nítòsí Ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn ló kọ̀wé sí mi. Ọgbọ̀n ọmọ ló wà lọ́wọ́ wọn, láti ọmọ ọdún kan títí dé ọmọ ọdún mẹ́rin, ọmọ àwọn tó ń tajà lọ́jà sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n ní àwọn ọmọ mìíràn máa ń dé láàárọ̀ láìtíì fẹnu kan nǹkan, àti pé ògì lásán ni owó tí àwọn òbí ń san lè ká. Wọ́n ti forúkọ ilé náà sílẹ̀ ní CAC gẹ́gẹ́ bí òwò. Ọkùnrin kan wá sọ fún wọn pé UNICEF àti Báńkì Àgbáyé ń pín owó fún irú iṣẹ́ yìí, ó sì ń gba owó kó tó bá wọn kọ̀wé. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni, àti ibi tí àwọn ti lè rí owó ìrànwọ́ tí àwọn á fi máa bọ́ àwọn ọmọ náà lójoojúmọ́.

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú ìnáwó. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ọkùnrin yẹn kúrò nílẹ̀: ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Àjọ tó ń fúnni lówó ìrànwọ́ kì í gba owó fọ́ọ̀mù, kì í sì í rán ẹnikẹ́ni kó lọ ṣèlérí pé owó á jáde dandan. Ẹni tó mọ ìwé kọ lè gba owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ìyẹn ò burú. Àmọ́ ẹni tó bá ní òun mọ ẹni tó máa bu ọwọ́ lùwé fún yín, gbájúẹ̀ ni.

Òótọ́ ni pé UNICEF àti Báńkì Àgbáyé ń náwó lórí oúnjẹ ọmọ ní Nàìjíríà. Ọ̀nà tí owó náà ń gbà ni ọkùnrin yẹn kò sọ fún yín. Ìjọba ni Báńkì Àgbáyé ń yá lówó. Ní ọdún 2018, ó fọwọ́ sí mílíọ̀nù 225 dọ́là fún ètò kan tí wọ́n ń pè ní ANRiN, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì wà lára àwọn tí ètò náà kàn, ṣùgbọ́n gbèsè tí Nàìjíríà máa san padà ni, kò sí fọ́ọ̀mù rẹ̀ fún ilé ìtọ́jú ọmọ aládàáni. UNICEF náà, ìjọba àti àwọn àjọ ńlá ló ń bá ṣiṣẹ́. Oúnjẹ ọ̀fẹ́ ilé ìwé tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2016 náà kò kàn yín, torí ọmọ Pírámárì Kìíní sí Kẹta ní ilé ìwé ìjọba ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Ibi tí irú owó báyìí ti lè kan àwọn ọmọ yín ni ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àdúgbò. Ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó àwọn ọmọdé níbẹ̀. Fítámì A tọ́ sí ọmọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún láti oṣù mẹ́fà títí dé ọdún márùn-ún, oògùn aràn sì tọ́ sí i láti ìgbà tó bá ti pé ọdún kan. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò sì rí wọn gbà kìkì nítorí pé ọjà ni ìyá wọn wà lọ́jọ́ tí wọ́n ń pín in.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wá sídìí ọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ ń béèrè ni owó tí ẹ ó fi máa se oúnjẹ lójoojúmọ́. Díẹ̀ ni àjọ tó máa fún yín ní irú owó bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ sì yé mi. Oúnjẹ tí a jẹ lónìí, a ó tún jẹ ẹ́ lọ́la. Bí owó bá tán lóṣù kejìlá, àwọn ọmọ á padà sórí ògì lásán, àjọ náà ò sì ní rí nǹkan kan tọ́ka sí. Iṣẹ́ tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ni wọ́n ń wá: ìdáná tó dáa, omi, ìkòkò, òṣùwọ̀n, ẹ̀kọ́ fún àwọn tó ń sè àti àwọn tó ń tọ́jú ọmọ. Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan sínú ìwé ìbéèrè, ẹ pín ìnáwó yín sí ọ̀nà méjì, kí ẹ kọ àwọn nǹkan tí ẹ máa rà lẹ́ẹ̀kan sí apá kan, kí ẹ kọ èyí tí ẹ ó máa rà lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ sí apá kejì. Ti àkọ́kọ́ ni ẹ lè béèrè pẹ̀lú ìgboyà. Ti ìkejì, ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn wọ́n ẹni tí yóò máa san án nígbà tí àwọn bá ti kúrò níbẹ̀.

Ẹ wá ṣírò àwo kan. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìwé ìbéèrè ti ń ṣubú, torí wọn a kàn kọ "oúnjẹ ọmọ" kí wọ́n fi iye owó ńlá kan sí iwájú rẹ̀. Tí ilé yín bá ń ṣí ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ogójì ọ̀sẹ̀ lọ́dún, igba ọjọ́ nìyẹn. Ọgbọ̀n ọmọ ní igba ọjọ́ jẹ́ 6,000 àwo oúnjẹ ọ̀sán. Tí ẹ bá fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀wà gbígbẹ gíráàmù 40 lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kílò 3.6 ni fún gbogbo wọn lọ́sẹ̀, kílò 144 lọ́dún. Ẹyin kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ jẹ́ ọgọ́ta ẹyin, ìyẹn kéréètì méjì lọ́sẹ̀, ọgọ́rin kéréètì lọ́dún. Ṣíbí tíì kan epo pupa fún ọmọ kan lójúmọ́ máa tó lítà ọgbọ̀n lọ́dún, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan àti díẹ̀ sí i. Ẹja gbígbẹ tàbí edé lílọ̀ gíráàmù márùn-ún fún ọmọ kan lójúmọ́ jẹ́ kílò ọgbọ̀n. Ẹ fi gáàsì kún un, ẹ fi ọṣẹ, omi àti owó ẹni tó ń sè kún un, kí ẹ wá fi 6,000 pín gbogbo rẹ̀. Iye tó bá jáde ni owó àwo kan, òun sì ni olówó á kọ́kọ́ wò. Ẹ má fi kóńgò ṣírò sínú ìwé, torí kóńgò ọjà kì í dọ́gba. Ẹ gbé kóńgò yín sórí òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀kan kí ẹ mọ iye kílò tó gbà. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ béèrè iye ọjà àti ọjà tí ẹ ti béèrè rẹ̀, kí àlàyé má baà nira nígbà tí ọjà bá gbówó lórí.

Mo mẹ́nu kan ògì lásán, mo sì fẹ́ dúró díẹ̀ níbẹ̀, torí olówó tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa bi yín nípa rẹ̀. Inú ọmọdé kéré. Ọmọ tó wọn kílò mẹ́wàá, ikùn rẹ̀ kì í gbà ju nǹkan bíi mìlílítà 300 lọ lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ bá fi ògì ṣíṣàn kún un, ọmọ yó, kò sì jẹ nǹkan. Ọmọ ọdún kan sí méjì tó ṣì ń mu ọmú nílò bíi kálórì 550 lójúmọ́ látinú oúnjẹ yàtọ̀ sí wàrà ìyá rẹ̀, ọwọ́ yín sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ rẹ̀ wà. Ẹ jẹ́ kí ògì ki tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní ṣàn dànù lórí ṣíbí. Ẹ fi ẹ̀pà lílọ̀ tàbí ìyẹ̀fun sóyà sí i, kí ẹ sì kán epo sí i. Ẹ̀wà sóyà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a ti yan tàbí tí a ti sè kí a tó lọ̀ ọ́, torí tútù rẹ̀ kì í jẹ́ kí ara lo èròjà inú rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀pà tó ti bu tàbí tó ti rún, ẹ dà á nù kó tó dé ẹ̀rọ, torí májèlé tó wà nínú ìbu yẹn, iná kì í pa á. Ẹ má sì fún àwọn ọmọ kéékèèké ní ẹ̀pà oníhóró. Ó lè há wọn lọ́fun. Mọ́ínmọ́ín rírọ̀ tó ní ẹyin tàbí ẹja nínú, gbẹ̀gìrì pẹ̀lú àmàlà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí a gé wẹ́wẹ́ tó sì jinná, ọ̀dùnkún tí inú rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, ìbẹ́pẹ, máńgòrò nígbà tó bá wà, gbogbo wọn ló wà ní Bódìjà. Ohun tí a fi ń díwọ̀n oúnjẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì ni pé kó rí ó kéré tán márùn-ún lójúmọ́ nínú ọ̀wọ́ mẹ́jọ: ọmú; oúnjẹ oníhóró tàbí ti ìdí gbòǹgbò; ẹ̀wà àti ẹ̀pà; wàrà; ẹran tàbí ẹja; ẹyin; èso àti ẹ̀fọ́ tó ní fítámì A; àti èso àti ẹ̀fọ́ yòókù. Ẹ kọ tábìlì oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ ka ọ̀wọ́ inú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Tábìlì yẹn nìkan á sọ fún olówó pé ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe.

Ta ló máa wá san owó oúnjẹ? Èrò mi ni pé àwọn òbí ló máa san púpọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ bí owó ṣe ń wọlé fún wọn ni kí wọ́n máa san. Obìnrin tó ń tajà kì í ní owó táàmù kan lápapọ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó mọ àjọ ojoojúmọ́. Ẹ ṣe káàdì àjọ fún oúnjẹ ọmọ, kí wọ́n máa san án láàárọ̀ tí wọ́n bá gbé ọmọ wá. Ẹ wá béèrè lọ́wọ́ olówó pé kó bá yín gbé apá kan ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ìpín rẹ̀ sì máa dín kù: ìdá méjì nínú mẹ́ta ní táàmù kìíní, ìlàjì ní táàmù kejì, ìdá kan nínú mẹ́ta ní ìkẹta, kó sì parí síbẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan ò ní lè san rárá, àwọn gan-an sì ni ọmọ wọn nílò oúnjẹ jù. Ẹ ṣí àyè ọ̀fẹ́ fún iye ọmọ kan, mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ẹ wá ẹni tó máa gbé e láàárín ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Àǹfààní tó wà lára èyí kò kárí, mi ò sì ní parọ́ fún yín pé ó kárí.

Àwọn kan á gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ máa sin adìyẹ kí ẹyin lè máa wá lọ́fẹ̀ẹ́, torí ó máa ń dùn létí olówó. Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó kọ ọ́. Ọgọ́ta ẹyin lọ́sẹ̀ nílò nǹkan bí adìyẹ méjìlá tó wà lẹ́nu yíyín dáadáa. Adìyẹ kan ń jẹ tó gíráàmù 120 lójúmọ́, báàgì oúnjẹ adìyẹ kílò 25 kan máa tán ní bí ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, ní ọjọ́ ìsinmi pàápàá, nígbà tí kò sí ọmọ kankan nílé. Ẹ fi oògùn kún un, àti ẹni tí á máa tọ́jú wọn, kí ẹ fi wé kéréètì méjì lọ́jà. Fún ọgbọ̀n ọmọ, mi ò rò pé ó tọ́, pàápàá níbi tí àyè ti há tí ìgbẹ́ adìyẹ á sì wà níbi tí ọmọ ti ń rá kòrò. Ìgbẹ́ gbuuru tó máa ń ti inú ìdọ̀tí wá lè gba gbogbo oúnjẹ tí ẹ fún ọmọ lára rẹ̀. Ẹ fi owó yẹn ra dúrọ́ọ̀mù omi tó ní ẹnu ẹ̀rọ, ọṣẹ àti abọ́ ìfọwọ́.

Ohun kejì tó ń ba ìwé jẹ́ ni ìlérí. Ìwádìí ìjọba tó jáde fún 2023 sí 2024 fi hàn pé ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Nàìjíríà ló kúrú ju bó ṣe yẹ fún ọjọ́ orí wọn. Ènìyàn á rí iye yìí, á sì kọ̀wé pé òun máa dín in kù láàárín oṣù mẹ́fà. Kò ṣeé ṣe. Ìkúrú yẹn ti ń bẹ̀rẹ̀ láti inú oyún, kì í sì í yára padà. Ẹ ṣèlérí ohun tó ṣeé kà: iye àwo tí ẹ bù, iye ọjọ́ tí oúnjẹ tí ẹ sè ní ọ̀wọ́ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ (èyí tó kù, ilé ni ọmọ ti máa rí i), iye olùtọ́jú tó gba ẹ̀kọ́, iye ọmọ tí ẹ wọn lóṣooṣù, iye tí ẹ darí sí ilé ìwòsàn. Téèpù aláwọ̀ mẹ́ta tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní MUAC, èyí tó ń fi hàn bóyá ọmọ ti rù jù, ni kí ẹ fi wọn apá. Ẹ ká apá òsì ọmọ ní ìgbúnwọ́, ẹ wá àárín méjì láti orí èjìká dé ìgbúnwọ́, ẹ sàmì síbẹ̀, kí ẹ wá jẹ́ kí apá náà rọ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó yí téèpù ká a. Ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọn a fa téèpù náà le títí ẹran apá á fi fún pọ̀, ọmọ tí ara rẹ̀ le á wá bọ́ sínú yẹ́lò, àwọ̀ ìkìlọ̀. Láti oṣù mẹ́fà sí oṣù mọ́kàndínlọ́gọ́ta, apá tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 11.5 jẹ́ pupa, 11.5 sí 12.4 jẹ́ yẹ́lò, 12.5 sókè jẹ́ gíríìnì. Ọmọ tó bá wà ní pupa, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú, kì í ṣe oúnjẹ yín ló máa wò ó sàn. Ọjọ́ náà gan-an ni kó dé ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti ní oúnjẹ ìtọ́jú tí a pò fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ èyí sínú ìwé yín láìfi bò.

Ẹ má gbàgbé eré. Ní Kingston, ní orílẹ̀-èdè Jamaica, àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní nǹkan bí 1986 pẹ̀lú ọmọ 129 tí wọ́n kúrú ju ọjọ́ orí wọn lọ. Àwọn kan gba wàrà lílọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn kan ní òṣìṣẹ́ ìlera tó ń wá sílé lọ́sẹ̀ láti kọ́ ìyá bí á ṣe máa bá ọmọ ṣeré, kó sì máa bá a sọ̀rọ̀, àwọn kan gba méjèèjì, àwọn kan ò gba nǹkan kan. Ọdún méjì ni wọ́n fi ṣe é. Ní bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, owó tó ń wọlé fún àwọn tí wọ́n bá ṣeré fi ìdá kan nínú mẹ́rin ju ti àwọn tí wọn kò bá ṣeré lọ, ṣùgbọ́n oúnjẹ nìkan kò fi irú àmì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí àjọ tó bá ń náwó lórí ọmọdé fi ń béèrè ohun tí ọmọ ń ṣe láàárín oúnjẹ àárọ̀ sí ti ọ̀sán. Àlọ́, orin, ìdérí ìgò tí a fọ̀ mọ́ tó tóbi débi pé kò lè wọ ọ̀fun, pátákó tí a gé fún kíkó jọ, àti àǹtí tó mọ bí a ṣe ń dá ọmọ lóhùn: owó rẹ̀ kéré, ó sì yẹ kó wà nínú ètò ìnáwó yín.

Ní ti ìwé CAC yín, orúkọ òwò ni, èrè òwò sì jẹ́ ti ẹni tó ni ín. Ọ̀pọ̀ àjọ ò lè fún un lówó ìrànwọ́. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni ìforúkọsílẹ̀ Incorporated Trustees, ìyẹn ti àjọ tí kò wá èrè, lábẹ́ Apá F nínú CAMA, òfin ilé iṣẹ́ àti àjọ, ti 2020. Ẹ nílò trustee (alábòójútó àjọ), ìwé òfin àjọ tó sọ pé a kì í pín owó àjọ fún ọmọ ẹgbẹ́, àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn tí a ó fún ní ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n bóyá ẹnikẹ́ni á takò ó. Lẹ́yìn náà, báńkì á béèrè ìwé SCUML, ẹ̀ka tó ń ṣọ́ kí wọ́n má fi àjọ fọ owó àìtọ́, èyí tó wà lábẹ́ EFCC. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ń gba oṣù, ó sì ń gba owó. Ọ̀nà kejì ni pé kí ẹ wọ abẹ́ àjọ kan tó ti forúkọ sílẹ̀, kí owó gba àkáǹtì wọn wọlé. Ó yá ju ti àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ wọ́n lè mú ìpín nínú rẹ̀, tí wọ́n bá sì jẹ́ aláìṣòótọ́, orúkọ yín náà á bàjẹ́. Bó bá jẹ́ èmi, ọ̀nà kejì yìí ni máa fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́, pẹ̀lú ìwé àdéhùn tó sọ iye tí wọ́n máa mú àti ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ yín, kí n máa forúkọ tèmi sílẹ̀ lọ́wọ́ kan náà. Èyí tó wù kí ẹ mú, ẹ má da owó ìrànwọ́ pọ̀ mọ́ owó táàmù.

Àwọn tí mo lè dárúkọ fún yín kò pọ̀. Ẹgbẹ́ aláàánú Rotary tó sún mọ́ yín lè gba iṣẹ́ náà. Àwọn fúnra wọn ló ń béèrè owó tí wọ́n sì ń mójú tó o. Global Grant, owó ìrànwọ́ ńlá wọn, kì í kéré sí 30,000 dọ́là, ó ti ju ilé kan lọ, àmọ́ ẹ̀yin àti àwọn ilé ìtọ́jú ọmọ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lè para pọ̀, tàbí kí ẹ béèrè District Grant wọn tó kéré. Ilé iṣẹ́ aṣojú Japan ní Àbújá ní owó fún iṣẹ́ ìgbèríko àti àdúgbò, fún ilé kíkọ́ àti ohun èlò, kì í san owó oṣù tàbí oúnjẹ ojoojúmọ́. GlobalGiving jẹ́ ojú òpó tí ẹ ti lè gba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Láti dúró síbẹ̀ títí, àjọ tuntun sábà máa ń ní láti kó 5,000 dọ́là jọ lọ́wọ́ ogójì ènìyàn ó kéré tán, torí náà tí ẹ bá ní ẹbí ní London tàbí Houston tó lè pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ìgbà yẹn ni kí ẹ wọ̀ ọ́. USAID parí iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2025, àwọn àjọ tó ń gbára lé e sì ti wá síbi tí ẹ̀yin náà ń wá. Ilé iṣẹ́ tó ń ta wàrà ọmọ ìkókó lè fẹ́ fún yín lówó tàbí wàrà ọ̀fẹ́. Ẹ kọ̀ ọ́. Òfin àgbáyé ti 1981 lórí títa ohun tó ń rọ́pò ọmú tako irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀, NAFDAC náà ní òfin lórí rẹ̀, àwọn àjọ mìíràn sì lè tìtorí rẹ̀ kọ̀ yín sílẹ̀.

Èsì lè pẹ́, ó sì lè jẹ́ rárá. Ẹ má dúró dè é. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ káàdì àjọ pẹ̀lú ẹyin ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ògì ki, kí ẹ sì gba téèpù lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ ra ìwé ńlá kan tó ní ìlà: ọjọ́, iye ọmọ tó wá, ohun tí a sè, ohun tí a rà àti iye rẹ̀. Ẹ lẹ rìsíìtì mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Níbi tí ẹni tó ń tajà kò bá ti ní rìsíìtì, ẹ kọ ọ́ kó fọwọ́ sí i. Tí ìwé yẹn bá ti pé oṣù mẹ́ta, ẹ ya fọ́tò ojú ewé mẹ́rin tàbí márùn-ún ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ètò ìnáwó yín, màá bá yín wò ó kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí Rotary.